Ṣé O Mọ̀ Pé Irin Ń Fà?

Ṣé o mọ̀ pé kò sí ẹrù tí wọ́n lè gbé kọ́ irin tí irin náà kò ní gùn sí i? Ì báà ṣe garawa omi kan péré. Ojú wa ni kò rí i, ìṣirò rí i.

Jẹ́ ká mú ọ̀pá irin kan, irú èyí tí àwọn bẹ́ńdà ń lò fún òpó àti dẹ́kìn ilé: ìbú rẹ̀ jẹ́ mílímítà 12, gígùn rẹ̀ jẹ́ mítà 12. Ká so ó rọ̀, ká gbé ẹrù tọ́ọ̀nù méjì kọ́ ìsàlẹ̀ rẹ̀. Agbára tó ń fà á yóò tó Newton 20,000. Bí wọ́n bá fi ayùn gé irin yẹn, ojú ibi tí wọ́n gé á fẹ̀ tó mílímítà 113 níbùú lóròó. Pín 20,000 sí ọ̀nà 113, ó di 177. Ohun tí àwọn ẹnjiníà ń pè ní stress nìyẹn. Wá pín 177 sí ọ̀nà 200,000, tí í ṣe nọ́ńbà líle irin, strain, ìyẹn ìdá tí irin fi gùn sí i, yóò yọ: 0.000885. Fi í sọ gígùn irin náà di púpọ̀, wàá rí i pé ó ti fi mílímítà 10.6 gùn sí i. Gbé ẹrù kúrò, á padà sí bó ṣe wà.

Bó ṣe ń gùn náà ló ń tín-ín-rín. Ohun tó dín lára ìbú rẹ̀ kò tó ìdá kan nínú mẹ́wàá sísanra irun orí, síbẹ̀ ó dín.

Ṣé o mọ̀ pé mílímítà méjì péré lè ba gbogbo ìṣirò yìí jẹ́? Ká ní irin tí wọ́n tà fún onílé gẹ́gẹ́ bíi 12 jẹ́ 10 ní ti gidi. Nínú ìdì irin, ẹni tó ń rà á lè má fura. Àmọ́ ojú irin náà kò tó 113 mọ́, 78.5 ló kù. Ìdá kan nínú mẹ́fà ìbú ló lọ, ṣùgbọ́n nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́wàá irin ló bá a lọ, nítorí ìbú la ń fi sọ ara rẹ̀ di púpọ̀ ká tó mọ bí ojú irin ṣe fẹ̀ tó. Tọ́ọ̀nù méjì kan náà wá di stress 255. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ní bíi 250 ni irin tí wọ́n ń pè ní mild steel ti ń jọ̀wọ́ ara rẹ̀. Tó bá ti kọjá ibẹ̀, bí wọ́n gbé ẹrù kúrò, irin náà kò ní padà sípò mọ́. Ẹ̀yin tó ń kọ́lé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé irin lé ìwọ̀n kí ẹ tó sanwó. Irin 12 tó pé mítà 12 ń wọn kílò mẹ́wàá ààbọ̀ ó lé díẹ̀. Irin 10 kò ju kílò 7.4 lọ. Kálípà lè ṣì yín lọ́nà lára irin tó ní ìlà. Òṣùwọ̀n kò ní ṣì yín.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé irin tó lágbára jù kì í fà tó èyí tó rọ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀. Irin alágbára tí kì í jọ̀wọ́ ara rẹ̀ àfi ní 500, bí ìbú òun àti ti mild steel bá dọ́gba, bákan náà ni ẹrù kan náà yóò fà wọ́n, títí dìgbà tí èyí tó rọ̀ bá jọ̀wọ́. Alumíníọ̀mù ló yàtọ̀: nọ́ńbà líle tirẹ̀ jẹ́ 70,000, yóò fẹ́rẹ̀ẹ́ fà tó ìlọ́po mẹ́ta.

Ṣé o mọ̀ pé Robert Hooke, ará Ìlú Gẹ̀ẹ́sì tó rí òfin tí ìṣirò yìí dúró lé, kọ́kọ́ fi í pamọ́? Ní 1676 ó to àwọn lẹ́tà inú gbólóhùn Látìnì tó fi kọ ọ́ ní a-b-d, ó sì tẹ̀ ẹ́ jáde báyìí: ceiiinosssttuv, kí ẹlòmíràn má bàa gbà á mọ́ ọn lọ́wọ́. Ní 1678 ló tó tú u: bí nǹkan ṣe fà tó ni agbára tó fà á ṣe tó.

Irin lè já láìsí ẹrù kankan pẹ̀lú. Èyí tó lè gba stress 400 kó tó já, bí wọ́n bá so ó rọ̀ tí gígùn rẹ̀ kọjá bíi kìlómítà márùn-ún, ìwúwo ara rẹ̀ á já a. Kí wọ́n mú un nípọn sí i kò ràn án lọ́wọ́, torí bí ojú rẹ̀ ṣe ń fẹ̀ ni ìwúwo ń pọ̀.

Ooru náà ń dá stress sílẹ̀ nínú irin. Irin tí wọ́n dì mú lórí méjèèjì, tí ìgbóná rẹ̀ fi ìwọ̀n Celsius 30 lọ sókè, stress bíi 72 ti wọ inú rẹ̀ láìsí ẹni tó fọwọ́ kàn án. Ìdí tí wọ́n fi ń fi àlàfo sílẹ̀ lórí afárá nìyẹn.

Ní 1938, àwọn ará Amẹ́ríkà méjì, Edward Simmons àti Arthur Ruge, láìmọ̀ nípa iṣẹ́ ara wọn, rí ọ̀nà láti wo ìfà tí ojú kò rí yìí. Wáyà tín-ín-rín ni wọ́n lẹ̀ mọ́ ara ohun tí wọ́n ń dán wò. Bí irin bá fà, wáyà fà, iná mànàmáná sì nira díẹ̀ sí i láti gba inú rẹ̀ kọjá. Mítà á ka iye rẹ̀. Ọgbọ́n yẹn náà ló wà nínú òṣùwọ̀n oníná tí àwọn alápatà fi ń wọn ẹran lónìí: lábẹ́ àwo rẹ̀, ọ̀pá kékeré kan ń tẹ̀ díẹ̀, ohun tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn ló sì ń sọ ìtẹ̀ náà di kílò.