Ìyáàfin Alájá: Ìtàn Chekhov Nínú Sinimá

Ní ọdún 1960, nígbà tí ó pé ọgọ́rùn-ún ọdún tí a bí Anton Chekhov, ni ilé-iṣẹ́ sinimá Lenfilm gbé ìtàn rẹ̀, Ìyáàfin Alájá, tí ó kọ ní 1899, jáde. Iosif Kheifits ni olùdarí eré náà, ó sì gba ẹ̀bùn ní Cannes ní ọdún kan náà. Aleksey Batalov ṣe Gurov; Iya Savvina, tí kò ṣe sinimá rí, ṣe Anna Sergeyevna.

Ní Yalta, létí Òkun Dúdú, ni àwọn méjèèjì ti pàdé. Anna wà nílé ọkọ. Gurov ní aya àti ọmọ ní Moscow, yíyan àlè sì ti mọ́ ọn lára. Ó rò pé bí òun bá ti padà sílé, ọ̀rọ̀ ti tán. Kò tán.

Níhìn-ín ni ìṣòro olùdarí wà. Nínú ìwé, Chekhov ni ó ń sọ ohun tí ń bẹ lọ́kàn Gurov fún wa. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ ayàwòrán kò lè yàwòrán ọkàn. Kheifits kò wá asọ̀tàn tí yóò máa ṣàlàyé. Ohun tí ojú lè rí ni ó gbé iṣẹ́ náà lé lọ́wọ́. Ẹ wo ọgbà gígùn aláwọ̀ eérú tí ó wà níwájú ilé ọkọ Anna: nínú ìwé, gbólóhùn díẹ̀ ni, nínú sinimá, bí Gurov ti ń rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, òǹwòran mọ irú ilé tí obìnrin náà ń gbé. Ẹ tún wo alẹ́ tí Gurov, tí àṣírí ti wú nínú bí ìyẹ̀fun, fẹ́ sọ̀rọ̀ obìnrin náà fún ojúgbà rẹ̀ kan, tí onítọ̀hún sì dá a lóhùn pé ẹja tí àwọn jẹ ti fẹ́ẹ́ rùn lóòótọ́. Ẹ̀rín ni ó kọ́kọ́ ń pani.

Ẹnikẹ́ni lè béèrè pé kí ló dé tí wọn kò kọ ọkọ àti aya sílẹ̀. Ní Rọ́ṣíà ìgbà náà, Ìjọ ni ó ní àṣẹ ìkọ̀sílẹ̀. Ìdí tí ó ń gbà kò pọ̀, panṣágà tí ẹ̀rí rẹ̀ dájú sì wà lára wọn. Ṣùgbọ́n títí di 1904, ẹni tí a bá dá lẹ́bi rẹ̀ kò lẹ́tọ̀ọ́ láti ṣe ìgbéyàwó mìíràn. Nítorí náà, ìfarapamọ́ wọn kì í ṣe ojo lásán.

Aleksandr Zarkhi, tí ó ti bá Kheifits darí sinimá pọ̀ fún ọdún púpọ̀, ṣe Anna Karenina ti Tolstoy ní 1967, Savvina sì wà nínú rẹ̀ bí Dolly. Níbẹ̀, abẹ́ ọkọ̀ ojú irin ni Anna kú sí. Anna ti Chekhov kò kú, kò sì fẹ́ Gurov. Kheifits kò fi òkú tàbí ìyàwó kún un.