Ìlànà Ẹ̀kọ́ Tuntun: Kí Ló Kàn Wá Níbẹ̀?

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ àti ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n wa tó ti jáde, ẹ ó ti gbọ́ nípa CCMAS. Àjọ NUC ló gbé ìlànà ẹ̀kọ́ yìí jáde ní oṣù Kejìlá ọdún 2022 láti rọ́pò BMAS, àwọn yunifásítì sì bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó ní sáà 2023/2024.

NUC ló pinnu ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún kọ́ọ̀sì. Yunifásítì kọ̀ọ̀kan ló ń fi ìdá 30 kún un, gẹ́gẹ́ bí àyíká rẹ̀ bá ṣe rí.

Ìdá 30 yìí ni ọ̀rọ̀ wà. Ní Ọ̀wọ̀, àwọn ère amọ̀ tí Ekpo Eyo wú jáde ní Igbo'Laja lọ́dún 1971 lè di ẹ̀kọ́ ìtàn, iṣẹ́ ọnà tàbí kẹ́mísírì. Ní agbègbè Ọ̀sẹ̀, oko àti igbó lè di yàrá ìwádìí. Ṣùgbọ́n bí a bá kàn yí nọ́ńbà kọ́ọ̀sì àtijọ́ padà, ọbẹ̀ àná nínú abọ́ tuntun ni.

Iṣẹ́ tiwa nìyí. Bí olùkọ́ bá kọ́ wa tó yé wa, ká sọ ohun tó ṣe gan-an: àpẹẹrẹ tó lò, tẹ́ẹ̀sì tó máàkì lásìkò. "Ẹ ṣeun sà" nìkan kò lè kọ́ olùkọ́ mìíràn. Bí kọ́ọ̀sì kan kò bá yé wa, kí aṣojú kíláàsì tètè lọ bá HOD ní ìdajì sẹ̀mẹ́sítà, kó má jẹ́ lẹ́yìn ìdánwò.

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, kí ni iṣẹ́ ń béèrè lọ́wọ́ yín tí kíláàsì kò kọ́ yín? Ẹ kọ ọ́ ránṣẹ́ sí ẹ̀ka wa. Ibẹ̀ ló yẹ kí ìdá 30 náà ti bẹ̀rẹ̀.