Ìgbín Tí Ìkarahun Rẹ̀ Fọ́: Bí A Ṣe Ń Tọ́jú Rẹ̀ Nínú Ọgbà

Ìwé ìlàlóye fún àwọn tó ń sin ìgbín ní Glei àti ní agbègbè Atakpamé

Ìwé kékeré yìí wà fún ẹni tó bá ń sin ìgbín ní Glei, ní àwọn abúlé tó yí i ká, àti lẹ́bàá títì ńlá tó ti Lomé wá sí Atakpamé. Ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀ nígbà òjò ló mú wa kọ ọ́. Ẹnì kan á kó ìgbín láti oko tàbí láti ọjà, á dà wọ́n sínú àpò ìrẹsì, á gbé e sẹ́yìn alùpùpù zémì. Kó tó délé, díẹ̀ nínú wọn á ti fọ́. Inú ìkòkò ni ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń ju èyí tó fọ́ sí lọ́jọ́ náà. Bó bá jẹ́ ti jíjẹ ni, ìyẹn kò burú. Bó bá jẹ́ ìyá ìgbín tí ẹ fẹ́ fi dá ọgbà sílẹ̀ ni, àdánù gidi ni, torí pé ọ̀pọ̀ nínú wọn ni ì bá yè.

Irú ìgbín ńlá méjì ni a ní lọ́kàn níbí. Èyí tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Archachatina marginata kì í yé púpọ̀: ẹyin rẹ̀ tóbi, ṣùgbọ́n ẹyin tó ń yé lẹ́ẹ̀kan kì í sábà tó 20. Èkejì, Achatina achatina, lè yé ju 100 lọ lẹ́ẹ̀kan, ṣùgbọ́n wẹ́wẹ́ ni wọ́n. Ẹni tó bá pàdánù ìyá kan nínú irú ti àkọ́kọ́ yóò mọ̀ ọ́n lára. Ti ìpéré kò sí nínú ọ̀rọ̀ wa.

Bí ìkarahun ṣe ń dàgbà

Àwọn àgbà ní bí ìgbín bá ń fà, ìkarahun a tẹ̀lé e. Bẹ́ẹ̀ gan-an ló rí. Iṣan kan tó lágbára ló so ara ìgbín mọ́ òpó tó lọ́ láàárín ìkarahun rẹ̀, kò sì sí bí méjèèjì ṣe lè pínyà kí ìgbín wà láàyè. Ẹni tó bá fà á jáde nítorí pé ó fẹ́ wo egbò inú rẹ̀ ti pa á nìyẹn.

Lábẹ́ ìkarahun, awọ fẹ́lẹ́ kan wà tó bo ara ìgbín, ó sì nípọn díẹ̀ létí ẹnu ìkarahun. Awọ yìí ló ń ṣe ìkarahun. Ó kọ́kọ́ ń ta èèpo tín-ín-rín kan síta, lẹ́yìn náà ni yóò máa fi kálísíọ̀mù tó bá rí nínú oúnjẹ àti nínú ilẹ̀ mú un le. Etí ẹnu yẹn ni ìkarahun ti ń gùn sí i. Ìdí nìyí tí etí tó bá ya fi tètè ń padà bọ̀ sípò. Bó bá jẹ́ ẹ̀yìn tàbí ṣóńṣó ìdí rẹ̀ ló lu, ọ̀rọ̀ yí padà: inú ni awọ náà yóò ti lẹ ojú ihò pa, ibẹ̀ yóò funfun, yóò rí págunpàgun, àpá rẹ̀ kò sì ní kúrò mọ́ títí ayé. Kò sóhun tó burú nínú ìyẹn. Ìgbín alápá ń yé, ó ń jẹ, ó ń dàgbà.

Bákan náà ni ti àwọn ẹran inú omi tó ní ìkarahun méjì tó ń pa dé, irú èyí tí wọ́n ń wà jáde nínú odò Volta ní apá ìsàlẹ̀ ilẹ̀ Ghana, àti irú èyí tí àwọn òyìnbó ń sìn nínú àpótí gíláàsì olómi iyọ̀. Awọ wọn ló ń tún ìkarahun wọn ṣe. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé inú omi ni tiwọn ti ń rí kálísíọ̀mù, tí iyọ̀ sì jẹ́ ìyè fún àwọn ti òkun. Ìgbín wa, ikú ni iyọ̀ jẹ́ fún un. Bó bá kàn án lára, ó ń fa omi ara rẹ̀ jáde. Ẹni tó bá ń fi omi iyọ̀ fọ egbò ọmọ rẹ̀ kò gbọdọ̀ ṣe irú ẹ̀ fún ìgbín.

Omi tó ń dà lára rẹ̀

Omi tó ń jáde lára ìgbín tó fọ́, tó máa ń ní àwọ̀ búlúù díẹ̀, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ni. Kópà ló wà nínú rẹ̀ níbi tí irin wà nínú ẹ̀jẹ̀ tiwa. Àwọn tó ń fi omi ìgbín ṣe ẹ̀rọ̀ mọ iyì rẹ̀ dáadáa: wọ́n á fọ́ ṣóńṣó ìdí ìkarahun kí ó lè ro sínú igbá. A kò bá ẹnikẹ́ni jà lórí ìyẹn. Ṣùgbọ́n ìgbín tí ẹ bá ti ro omi rẹ̀ báyìí, ẹ má ṣe gbé e padà sínú ọgbà pé kó lọ sàn. Ti ọbẹ̀ ni.

Ẹ kọ́kọ́ wò ó dáadáa

Ẹ rọra fi ìka kan ìwo rẹ̀. Bó bá fà á wọlé, ìrètí wà. Bí kò bá mira rárá, tó sì ń rùn, ó ti kú. Ẹ sin ín jìnnà sí ọgbà, ẹ má sì jẹ ẹ́.

Etí tó ya tàbí ìlà tó sán tí omi kò gba ibẹ̀ jáde, ọ̀rọ̀ kékeré ni. Ihò tó jẹ́ pé ẹ rí ẹran ara níbẹ̀, tí awọ tó bò ó kò sì ya, gba ìtọ́jú gidi, ó sì sábà máa ń yè. Èyí tí ìfun rẹ̀ bá ti yọ síta, tàbí tí awọ náà bá ti ya kúrò lára ìkarahun tó sì ká sẹ́yìn, ẹ má tan ara yín jẹ. Bó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣẹlẹ̀, tí ìgbín náà sì wá láti ibi tí wọn kò fín oògùn sí, ẹ sè é lọ́jọ́ náà.

Ìtọ́jú rẹ̀ lọ́jọ́ kìíní

Ẹ yọ ọ́ kúrò láàárín àwọn yòókù kíá, nítorí pé ìgbín tí kálísíọ̀mù wọ́n fún máa ń họ ìkarahun ẹnìkejì rẹ̀ jẹ, ibi tó ti fọ́ ni wọn yóò sì ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ da omi díẹ̀díẹ̀ sí i lára kí ìdọ̀tí lè ṣàn kúrò. Omi òjò tàbí omi kànga ló dára jù. Bó bá jẹ́ omi ẹ̀rọ, ẹ jẹ́ kó sùn mọ́jú nínú garawa tí a kò dé. Ẹ má rì í sínú omi: afẹ́fẹ́ ni ìgbín ń mí, omi lè pa á.

Àfọ́kù ìkarahun tó bá ṣì lẹ̀ mọ́ ara rẹ̀, ẹ fi í sílẹ̀ níbẹ̀. Òun ni yóò ṣíji bo egbò. Bí ihò náà bá ju èékánná ìka lọ, ẹ fọ́ ẹyin adìẹ tútù, ẹ bó awọ funfun tó wà nínú èèpo rẹ̀, ẹ tẹ́ ẹ lé ojú ihò nígbà tó ṣì tutù. Yóò gbẹ, yóò sì lẹ̀ mọ́ ọn fúnra rẹ̀. Awọ yìí kò ní wo egbò sàn, ṣùgbọ́n kò ní jẹ́ kí ibẹ̀ gbẹ, kò sì ní jẹ́ kí eṣinṣin yé sí i.

Gúlù ńkọ́? Àwọn kan ń lò ó lókè òkun. Àwa kò gbà yín níyànjú láti lò ó. Bó bá kan ẹran ara ìgbín, ó ti ba ibi tí ìkarahun tuntun ìbá ti hù jẹ́. Sìmẹ́ńtì àti eérú náà kò dára, wọ́n ń jó o lára.

Ibùsùn aláìsàn

Àpótí igi tàbí agbọ̀n kan tó, kí ó ní ìdérí onínẹ́ẹ̀tì, kí ó sì wà níbi òjìji. Ẹ bu ilẹ̀ dúdú sí i, kí ó ga tó ìbú ọwọ́, kí ẹ fi ewé gbígbẹ bò ó. Ẹ fún ilẹ̀ náà lọ́wọ́ wò: bó bá dì pọ̀ tí omi kò sì kán, ó tó. Ibi tí ẹ ti máa bu ilẹ̀ yìí ṣe pàtàkì gan-an lágbègbè wa tí a ti ń gbin òwú. Ilẹ̀ oko òwú ti mu oògùn apakòkòrò, ewé ẹ̀bá rẹ̀ náà sì ti mu ún. Ẹ má bu omi tí ẹ máa lò fún ìgbín sínú ike tí oògùn ti wà rí, bó ti wù kí ẹ fọ̀ ọ́ tó.

Èèrà ni ọ̀tá tó tètè ń pa ìgbín tó ní egbò, pàápàá ìjàlọ. Ẹ gbé àpótí náà sórí tábìlì, kí ẹ ki ẹsẹ̀ tábìlì kọ̀ọ̀kan bọ inú agolo olómi. Ìgbóná tó bá ìgbín lára mu ni ìwọ̀n 25 sí 30 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Nígbà òjò, ẹ kò ní í ṣe wàhálà púpọ̀. Nígbà ọyẹ́, láti Oṣù Kejìlá sí Oṣù Kejì, afẹ́fẹ́ á gbẹ, ìgbín á sì fẹ́ fi awọ funfun dí ẹnu ìkarahun rẹ̀ kó sùn. Èyí tí ara rẹ̀ le, ẹ jẹ́ kó sùn. Ṣùgbọ́n èyí tó fọ́, bó bá sùn kò ní jẹun, bí kò bá sì jẹun, ìkarahun rẹ̀ kò ní dí. Ẹ wọ́n omi sí i láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́ kó lè máa jí.

Oúnjẹ rẹ̀

Ewé ìbẹ́pẹ, ìbẹ́pẹ pípọ́n, èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀, ilá: ìgbín fẹ́ràn wọn. Ìrọ̀lẹ́ ni kí ẹ fún un, torí òru ló ń jẹun. Láàárọ̀, ẹ kó èyí tó kù dànù kó má bàa kẹ̀.

Kálísíọ̀mù ló kù. Èèpo ẹyin ló rọrùn jù: ẹ yan án lórí iná, ẹ lọ̀ ọ́ kúnná, ẹ bu díẹ̀ sórí oúnjẹ, ẹ sì bu díẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ àpótí kó lè lọ jẹ ẹ́ fúnra rẹ̀. Ìkarahun ìgbín tí ẹ ti jẹ náà wúlò bí ẹ bá yan án kí ẹ sì lọ̀ ọ́. Ẹ kíyè sí ẹfun ọjà: èyí tí wọ́n fi amọ̀ funfun ṣe kò ní kálísíọ̀mù nínú, bó ti wù kó funfun tó.

Láàárín ọjọ́ mélòó kan, ẹ ó rí awọ tín-ín-rín tó ń dán lójú ihò. Ẹ má fọwọ́ kàn án. Ó máa ń gba ọ̀sẹ̀ mélòó kan kó tó le. Nígbà tó bá le débi tí èékánná kò lè tẹ̀ ẹ́ wọlé mọ́, ẹ lè dá a padà sínú ọgbà. Ẹ má tètè fi í sáàárín àwọn tó ń gùn, nítorí kálísíọ̀mù tí ìbá fi tún ara rẹ̀ ṣe ni yóò fi ṣe ẹyin.

Ìlera ti ẹ̀yin fúnra yín

Ìgbín lè gbé kòkòrò kan tó ń gbé nínú ẹ̀dọ̀fóró eku, tó sì lè wọ ọpọlọ ènìyàn. Ẹ fi ọṣẹ fọ ọwọ́ lẹ́yìn tí ẹ bá ti tọ́jú rẹ̀, ẹ má jẹ́ kí ọmọdé fi ọwọ́ tó yọ̀ kan ẹnu, kí ẹ sì sè é jinná dénú kí ẹ tó jẹ ẹ́. Bí orí fífọ́ líle, èébì àti ọrùn líle bá mú ẹni tó jẹ ìgbín tí kò jinná, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn, ẹ sì sọ ohun tó jẹ fún dókítà.

Kí ó má bàa fọ́ mọ́

Bí ìgbín bá lẹ̀ mọ́ igi, ẹ má fà á. Ẹ ta omi sí i, ẹ tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́, yóò tú. Ẹ fi agbọ̀n tí ẹ tẹ́ ewé tútù sí kó wọn, ẹ má lo àpò. Nínú ọgbà, ẹ kó òkúta àti bíríkì kúrò nílẹ̀, torí pé ìgbín á gun ògiri lóru, á sì já bọ́ lé wọn lórí.

Bí púpọ̀ nínú ìgbín yín bá ń fọ́ láìsí pé wọ́n já bọ́, ìkarahun wọn ti fẹ́lẹ́ nìyẹn, oúnjẹ tàbí ilẹ̀ ọgbà yín ló sì ní láti yí padà. Ẹ fi ìkarahun kan han òṣìṣẹ́ ICAT, iléeṣẹ́ tó ń gba àwọn àgbẹ̀ nímọ̀ràn ní Togo, tó bá ń wá sí abúlé yín kí ẹ tó ra ìgbín mìíràn kún un.