Ìkòròdú, Ẹ̀pẹ́ àti Ìpinnu Àwọn Aláṣẹ Lásìkò Ogun

Nígbà ogun abẹ́lé ilẹ̀ Yorùbá, ọ̀rọ̀ ọ̀nà ló máa ń le jù níwájú àwọn olórí: ta ni yóò gba ọ̀nà kọjá, ta ni wọn yóò sé e mọ́? Èkó ni ìbọn, ẹ̀tù àti iyọ̀ ti ń gòkè lọ, òkè sì ni epo pupa ti ń sọ̀ kalẹ̀ wá sí Èkó. Ọ̀sà ló wà láàárín, etí ọ̀sà náà sì ni Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́ tẹ̀ dó sí. Ìdí nìyí tí àwọn tó ń ṣèjọba ní Abẹ́òkúta, Ìbàdàn, Ìjẹ̀bú-Òde, Èkó, títí dé Lọ́ńdọ̀nù, fi ń ṣe ìpinnu lórí ìlú méjèèjì yìí.

Ẹ̀pẹ́ ló kọ́kọ́ kàn. Ní ìparí oṣù Kejìlá ọdún 1851, ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì yìnbọn lu Èkó, wọ́n lé Ọba Kòsọ́kọ́ kúrò lórí ìtẹ́, wọ́n sì dá Akítóyè padà sórí oyè. Kòsọ́kọ́ sá wọ ilẹ̀ Ìjẹ̀bú, Awùjalẹ̀, ọba Ìjẹ̀bú, sì fún un láyè láti máa gbé ní Ẹ̀pẹ́. Kò dá nìkan lọ. Òṣòdì Tápà, balógun rẹ̀, wà pẹ̀lú rẹ̀, àwọn jagunjagun, oníṣòwò àti ọ̀pọ̀ Mùsùlùmí sì tẹ̀ lé e. Láti ibẹ̀ ló ti di èbúté Palma àti Lẹ́kkí mú, tí ọkọ̀ òkun fi lè já ẹrù sílẹ̀ láì wọ Èkó rárá. Ẹni tí wọ́n rò pé àwọn ti ṣẹ́gun ti dá ìjọba mìíràn sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn.

Ní oṣù Kẹjọ ọdún 1853, Kòsọ́kọ́ fi ogun ja Èkó, wọ́n sì lé e padà. Oṣù tó tẹ̀ lé e ni Akítóyè kú, tí Dòsùnmú ọmọ rẹ̀ jọba. Benjamin Campbell, aṣojú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní Èkó, ní láti yan ọ̀kan: kó máa lé Kòsọ́kọ́ kiri nínú ọ̀sà, tàbí kó bá a ṣe àdéhùn. Àdéhùn ló yàn. Ní ọjọ́ 28 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1854, Kòsọ́kọ́ ṣèlérí pé òun kò ní kọlu Èkó mọ́, òun yóò sì jáwọ́ nínú òwò ẹrú. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì náà gbà pé tirẹ̀ ni Palma àti Lẹ́kkí, wọ́n sì dá owó ọdọọdún fún un. Ìpinnu tó mọ́yán lórí ni, nítorí ó fún etí ọ̀sà ní ìsinmi fún ọdún mélòó kan. Ẹni tí owó bá ń wọlé fún kì í yára dáná sun ọjà ara rẹ̀.

Àmọ́ ní ọjọ́ 6 oṣù Kẹjọ ọdún 1861, àwọn Gẹ̀ẹ́sì gba Èkó pátápátá lọ́wọ́ Dòsùnmú. Ọdún kejì ni wọ́n gba Kòsọ́kọ́ láyè láti padà wálé, pẹ̀lú owó ìfẹ̀yìntì. Pósù, ọ̀kan nínú àwọn olóyè rẹ̀ tó kù ní Ẹ̀pẹ́, kò fẹ́ tẹrí ba fún ìjọba tuntun náà, ni ìjọba Èkó bá fi ogun ja Ẹ̀pẹ́ ní 1863. Àwọn tó bá Kòsọ́kọ́ dé ìlú náà kò bá a lọ tán. Àtọmọdọ́mọ wọn là ń pè ní Èkó Ẹ̀pẹ́ títí dòní, wọ́n ń gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ìjẹ̀bú Ẹ̀pẹ́, ọdún Kayokayo tí wọ́n sì ń ṣe lọ́dọọdún ni wọ́n fi ń rántí ìgbà tí wọ́n dé.

Ti Ìkòròdú le ju èyí lọ. Ogun Ìjàyè ló bí i. Láti 1860 ni Ìbàdàn ti ń bá Ìjàyè jà, Ẹ̀gbá sì wà lẹ́yìn Ìjàyè. Ní oṣù Kẹta ọdún 1862, Ìjàyè tú, ṣùgbọ́n ogun kò tán. Ilẹ̀ Rẹ́mọ ló ṣí lọ. Abẹ́òkúta, ìlú àwọn Ẹ̀gbá, ti sé ọ̀nà mọ́ Ìbàdàn, Ìbàdàn sì ń wá ibi tí ẹ̀tù yóò gbà dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ọ̀nà Rẹ́mọ tó já sí Ìkòròdú ló rọrùn fún un jù.

Kò sí Aláké lórí ìtẹ́ ní Abẹ́òkúta nígbà yẹn. Òkúkẹ́nù ti wàjà ní 1862, ó sì di 1869 kí Adémọ́lá tó jọba. Báṣọ̀run Ṣómóyè àti àwọn ológun ló ń darí ìlú. Bí ẹni tó ń pàṣẹ ogun bá tún jẹ́ ẹni tó ń ṣèjọba, ta ni yóò sọ fún un pé ó tó? Wọ́n fẹ́ kí gbogbo ọjà tó ń ti Èkó lọ sókè gba ọ̀dọ̀ tiwọn kọjá, kí àwọn oníbodè wọn sì gba owó lórí rẹ̀.

Ní Ìkòròdú, Ọlọ́jà tó jẹ́ ọba wọn, ìgbìmọ̀ Òṣùgbó àti àwọn ológun ló ń ṣàkóso. Aládùúgbò wọn ni Ẹ̀gbá, ó sì pọ̀ jù wọ́n lọ. Bí wọ́n bá gbà láti ti ọ̀nà, ọjà wọn yóò kú. Bí wọ́n bá kọ̀, ogun ń bọ̀. Wọ́n kọ̀. Ẹ̀gbá pàgọ́ ti ìlú náà, ebi sì bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé. Ni Ìkòròdú bá ké sí Èkó.

John Hawley Glover ló ń ṣe àkóso Èkó. Ìkòròdú kò sí lábẹ́ ìjọba Èkó, síbẹ̀ Glover ní kí Ẹ̀gbá kó àgọ́ wọn kúrò. Wọn kò kó o. Ní ọjọ́ 29 oṣù Kẹta ọdún 1865, àwọn sójà adúláwọ̀ láti West Indies àti àwọn Háúsá tí Glover kó jọ, tí ọ̀pọ̀ nínú wọn jẹ́ ẹrú tó sá wá sí Èkó, kọjú sí àgọ́ náà. Rọ́kẹ́ẹ̀tì ni wọ́n yìn lù ú: ọta oníná tó ń kù lókè bó ṣe ń bọ̀, tó sì ń ràn mọ́ ohunkóhun tó bá bà lé. Àwọn Ẹ̀gbá mọ ìbọn, wọ́n mọ idà, ṣùgbọ́n wọn kò tíì kojú irú iná yìí rí. Ilẹ̀ kò ṣú kí àgọ́ náà tó tú.

Ìkòròdú bọ́. Kò tọ́ kí ẹnikẹ́ni bú àwọn olórí rẹ̀ pé wọ́n ké sí òyìnbó, nítorí ìlú tí wọ́n dó tì kò ní àkókò láti máa yan olùgbàlà. Ti Glover ni ìbéèrè wà fún. Ogun tó jà, òun ló dá a pinnu, lórí ilẹ̀ tí kì í ṣe ti ìjọba rẹ̀, kí ọjà Èkó lè máa ṣàn. Lọ́dún yẹn kan náà, ìgbìmọ̀ ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ní Lọ́ńdọ̀nù dámọ̀ràn pé kí wọ́n má ṣe gba ilẹ̀ kún ilẹ̀ mọ́ ní Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà. Ní 1866 wọ́n fi Èkó sábẹ́ gómìnà Sàró.

Ìbínú Ẹ̀gbá kò rọ̀. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 1867, wọ́n fọ́ ilé ìsìn ní Abẹ́òkúta, wọ́n sì lé àwọn míṣọ́nnárì òyìnbó jáde. Ọ̀pọ̀ Ẹ̀gbá onígbàgbọ́ sá wá sí Èkó, Glover sì fún wọn ní ilẹ̀ ní Ẹ̀búté Mẹ́ta. Àwọn tó sanwó ìpinnu ọdún 1865 jù kò sí níbẹ̀ nígbà tí wọ́n ń ṣe é.

Ẹ̀pẹ́ tún padà sójú ogun ní 1892. Gilbert Carter, gómìnà Èkó, fẹ́ kí Ìjẹ̀bú ṣí ọ̀nà tí wọ́n sé. Ní oṣù Kìíní ọdún náà, wọ́n ṣe àdéhùn ní Èkó pé Ìjẹ̀bú yóò ṣí i, wọn yóò sì máa gba £500 lọ́dún dípò owó oníbodè. Àwọn aṣojú tó ti Ìjẹ̀bú-Òde wá kò fọwọ́ sí ìwé náà fúnra wọn. Ọmọ Ìjẹ̀bú tó ń gbé Èkó ló bá wọn fọwọ́ sí i. Àdéhùn tí kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ kì í pẹ́ wó. Nígbà tí wọ́n dá míṣọ́nnárì kan padà lójú ọ̀nà, Carter rí ẹ̀rí tó ń wá, Lọ́ńdọ̀nù sì gbà á láyè. Ẹ̀pẹ́ ni Kọ́nẹ́ẹ̀lì Francis Scott àti àwọn ọmọ ogun rẹ̀ tí kò pé 1,000 gúnlẹ̀ sí ní oṣù Karùn-ún. Ní ọjọ́ 19 oṣù náà wọ́n bá Ìjẹ̀bú jà ní Ìmàgbọ̀n, létí odò Yemoji, ìbọn Maxim sì pa ọ̀pọ̀ ènìyàn. Lọ́jọ́ kejì wọ́n wọ Ìjẹ̀bú-Òde.

Ààlà tí àwọn ìpinnu wọ̀nyí fà ṣì wà nílẹ̀. Nígbà tí wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Èkó sílẹ̀ ní ọjọ́ 27 oṣù Karùn-ún ọdún 1967, Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́ bọ́ sínú rẹ̀. Rẹ́mọ àti Ìjẹ̀bú-Òde, tí èdè àti ẹ̀jẹ̀ so pọ̀ mọ́ wọn, wà ní Ìpínlẹ̀ Ògùn lónìí.