Bọ́ọ̀lù Tí Mother Teresa Fọwọ́ Sí

Ẹ̀yin ìyá ọlọ́jà, ọ̀rọ̀ ọjà gbàǹjo la gbé dé, èyí tí wọ́n ti ń ta ohun tí gbajúmọ̀ lò tàbí tó fọwọ́ sí.

Owó ńlá wà nídìí ẹ̀ ní Amẹ́ríkà, ìdí nìyẹn tí àwọn gbájúẹ̀ fi gbé bíírò. Ní 1999, àwọn ọlọ́pàá FBI ya bo ilé wọn. Operation Bullpen ni wọ́n pe iṣẹ́ náà. Ayédèrú ìfọwọ́sí kún ibẹ̀ rẹpẹtẹ, ti òkú, ti alààyè. Wọ́n tiẹ̀ bá bọ́ọ̀lù tí wọ́n ń fi igi gbá, orúkọ Mother Teresa ló wà lára ẹ̀! Ìyá tó ń tọ́jú aláìní ní Íńdíà, kí ló kàn án kan bọ́ọ̀lù?

Síbẹ̀ àwọn èèyàn ń rà wọ́n, torí ìwé ẹ̀rí bá ọjà náà wá. Ayédèrú nìwé ẹ̀rí ọ̀hún náà!

Ìwé tuntun ńkọ́? Wọ́n lè rẹ ẹ́ sínú tíì kó lè dà bíi ti àtijọ́. Ṣùgbọ́n iná kan wà tó ń tú wọn fó: ìwé tí wọ́n ṣe lẹ́yìn nǹkan bíi 1950 sábà máa ń tàn yòò lábẹ́ ẹ̀. 1948 ni Babe Ruth, àgbà eléré bọ́ọ̀lù yẹn, kú. Bí lẹ́tà ẹ̀ bá wá ń tàn yòò, ta ló kọ ọ́?

Nítorí náà, bí onígbèsè bá gbé irú ẹ̀ wá dípò owó aṣọ, ẹ bi í pé ọwọ́ ta ló ti rà á, ta ló kọ́kọ́ ni ín, rìsíìtì dà? Bó bá ń ká gúọ́gúọ́, owó yín ni kẹ́ ẹ gbà.