Ọ̀bẹ Tí A Ó Mú Lọ sí Oko

Kò sí ọmọ Akron tí kò gbọ́ ìtàn àwọn ọdẹ mẹ́ta tí wọ́n ti ilẹ̀ Yorùbá wá sí ẹ̀bá ọ̀sà yìí, tí wọ́n sì rí abàmì ẹ̀dá olórí mẹ́sàn-án tí ó jáde láti inú òkìtì ọ̀gán. Ojúbọ rẹ̀, tí gbogbo Porto-Novo ń pè ní Avessan, ṣì wà ní àdúgbò wa títí di òní. Nígbàkúgbà tí a bá ń sọ ìtàn náà fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa, ìbéèrè kan a máa ti ẹ̀yìn kíláàsì wá: «Kí ni àwọn ọdẹ náà mú lọ́wọ́?» Ìtàn kò sọ. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá mọ ọdẹ mọ̀ pé àdá kò ní ṣàì sí ní ìbàdí wọn, pé ọ̀bẹ kan wà nínú àkọ̀, àti pé bóyá ni ohun ìgé mìíràn fi wà níbẹ̀, nítorí ọdẹ kì í ru ohun tí kò ní lò.

Àwa kò gbọ́n tó wọn. Ní ọdọọdún, nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, àwa olùkọ́ mélòó kan a máa kó àwọn ọmọ jáde kúrò nílùú. A máa ń wọ ọkọ̀ ojú omi lórí odò dúdú Adjarra, a máa ń dé Pobè láti wo igbó àtijọ́ tí ó ṣẹ́ kù níbẹ̀, a sì máa ń sun oorun alẹ́ méjì nínú oko ọ̀pẹ kan lọ́nà Sakété. A máa ń kọ àkọsílẹ̀ ohun tí ọmọ kọ̀ọ̀kan yóò mú wá: omi, àpò ẹ̀fọn, iná ìléwọ́, aṣọ òtútù. Láàrin iná ìléwọ́ àti aṣọ òtútù, a ó kọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, «ọ̀bẹ», a ó sì kọjá lọ.

Ní èṣín, ọmọkùnrin kan ní kíláàsì seconde mú canif kan wá, irú èyí tí ojú rẹ̀ ń dán bí dígí, tí èkù rẹ̀ sì ní àwọ̀ mẹ́ta. Ó rà á ní owó táṣẹ́rẹ́. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kìíní, ó ń gbẹ́ èèkàn tí a ó fi so tapólì mọ́lẹ̀. Ó fẹ́ dá ihò sí orí igi náà kí okùn lè gba ibẹ̀ kọjá, ó fi ṣóńṣó ọ̀bẹ gún un, ó sì tẹ̀ ẹ́. Ojú ọ̀bẹ ká padà wọ inú èkù, ìka ìlábẹ̀ rẹ̀ sì wà láàrin. A fi aṣọ mímọ́ di ibẹ̀ mú pinpin, a gbé ọwọ́ náà sókè ju àyà rẹ̀ lọ, a gbé ọmọ náà sórí alùpùpù, ó di ilé ìwòsàn. Wọ́n rán an ní ojú márùn-ún, wọ́n sì fún un ní abẹ́rẹ́ tétanos. Ẹ̀jẹ̀ dá, egbò jinná. Ṣùgbọ́n títí di òní, ìka náà kì í ká tán, ọwọ́ tí ó fi ń kọ̀wé sì ni.

Nígbà tí a lọ kí ìyá rẹ̀ nílé, kò bínú, kò pariwo. Ó fún wa ní omi mu, ó jókòó, ó ní: «Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ̀yin lẹ kọ “ọ̀bẹ” sínú ìwé. Ẹ kò kọ irú èyí tí í ṣe.» A kò rí èsì fún un lọ́jọ́ náà.

Ẹ jẹ́ kí á bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti ṣẹlẹ̀, èyíinì ni ọ̀bẹ tí ó ń ká. Nínú ọ̀pọ̀ canif tí a ń rí lórí àtẹ ní ọjà Ouando, irin pẹlẹbẹ kan tí ó ń ta padà bí ọrun ni ó di ojú ọ̀bẹ mú nígbà tí a bá ṣí i. Bí a bá ń fi ẹnu rẹ̀ gé nǹkan, agbára ọwọ́ wa ń tì í kí ó túbọ̀ ṣí, kò sì sí ewu. Ṣùgbọ́n bí a bá fi ṣóńṣó rẹ̀ gún igi, tàbí tí a fi ẹ̀yìn rẹ̀ lu nǹkan, agbára kan náà ni yóò máa tì í padà sílé. Ojú ọ̀nà ilé rẹ̀ náà ni ìka wa máa ń wà.

Àwọn aṣọ̀bẹ ti mọ èyí tipẹ́. Joseph Opinel, ọmọ alágbẹ̀dẹ ní Savoie ní ilẹ̀ Faransé, ni ó ṣe ọ̀bẹ tí ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ ní ọdún 1890: èkù igi, ojú irin, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ọdún 1955 ni ilé-iṣẹ́ náà tó fi òrùka irin kan kún un. A ó ṣí ọ̀bẹ, a ó yí òrùka, ojú ọ̀bẹ kò sì ní lè padà mọ́ títí a ó fi yí òrùka náà sẹ́yìn. Nọ́ńbà 8, tí ojú rẹ̀ gùn ní sẹ̀ńtímítà 8.5, tó fún iṣu, fún okùn, fún ẹja àti fún igi kékeré. Ọ̀bẹ Faransé mìíràn tí àwọn kan ṣì tọ́jú sínú àpótí ni Douk-Douk, tí wọ́n ń ṣe ní ìlú Thiers láti ọdún 1929. Èkù rẹ̀ jẹ́ irin tí a ṣẹ́ po, ó le, ó sì ń pẹ́ lọ́wọ́ ẹni, ṣùgbọ́n kò ní òrùka. Àgbàlagbà lè lò ó. A kò ní fi í lé ọmọ ọdún 15 lọ́wọ́.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìwé yìí ní Paris tàbí ní London, ẹ ṣọ́ra. Òfin Faransé kò gba ẹnikẹ́ni láyè láti máa mú ọ̀bẹ kiri láìní ìdí gidi, Opinel pàápàá kò yọ sílẹ̀. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀bẹ tí ó ń ká tí ẹnu rẹ̀ kò ju ínǹṣì 3 lọ ni a lè fi sápò láìsí àlàyé, bí kò bá ti ní ohun tí ó ń tì í pa. Bí ó bá ní in, a gbọ́dọ̀ lè sọ ìdí tí ó fi wà lọ́wọ́ wa. Ohun tí ì bá dáàbò bo ìka ọmọ wa gan-an ni òfin náà ń fura sí. A kò bá òfin jà, ṣùgbọ́n ó pa wá lẹ́rìn-ín. Bí ẹ bá sì ń bọ̀ wálé, inú ẹrù tí ó ń lọ sí abẹ́ ọkọ̀ òfuurufú ni kí ẹ fi ọ̀bẹ sí.

Ní tiwa, a ti pinnu pé ọ̀bẹ tí kò ká rárá ni ó dára jù lọ fún ọmọ tí ó ń kọ́ṣẹ́. Kí ojú rẹ̀ má ju sẹ̀ńtímítà 10 lọ. Kí irin rẹ̀ gba inú èkù kọjá dé ìdí, kí ó má jẹ́ pé ìrù kékeré kan ni wọ́n fi oje lẹ̀ mọ́ inú igi. Lẹ́yìn náà ni ọ̀rọ̀ àkọ̀. Àwọn àgbà ní ọ̀bẹ ń wó ilé ara rẹ̀, ó ní òun ń ba àkọ̀ jẹ́. Àwa ti rí i tí ó wó ilé tán tí ó sì bọ́ sí itan olówó rẹ̀: awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí a rán lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo kò tó. Kí awọ náà nípọn, kí ó ní ìṣó tàbí okùn líle létí ibi tí ẹnu ọ̀bẹ ń kàn, kí a sì dojú ọ̀bẹ kodò kí ó má yọ kúrò níbẹ̀.

Èwo ni kí á mú nínú irin tí kì í dógùn-ún àti èyí tí ó ń dógùn-ún? Àwa tí a kàwé Faransé fẹ́ràn ohun tí ń dán. Irin tí kì í dógùn-ún ní chrome nínú, ó kéré tán ìdá 10.5 nínú ọgọ́rùn-ún, ó sì yẹ fún ẹni tí yóò lo ọjọ́ mẹ́ta lórí omi ọ̀sà. Irin àtijọ́ a máa yára pọ́n, a sì máa mú lórí òkúta lásán, ṣùgbọ́n bí a bá gé ọsàn pẹ̀lú rẹ̀ tí a kò nù ún, kí ilẹ̀ tó mọ́ ó ti dúdú. Ẹni tí kì í nu ọ̀bẹ kí ó ra èyí tí kì í dógùn-ún. Ẹni tí ń nù ún kí ó fi òróró tí a lè jẹ tàbí òrí pa á lára, nítorí ọ̀bẹ kan náà ni yóò gé búrẹ́dì lọ́la.

Nítorí àdá, a lọ bá alágbẹ̀dẹ kan lọ́nà Adjarra. A mú àdá mẹ́ta tí a ti rà lọ, a rò pé yóò yìn wá. Ó gbé ìkíní, ó fi èékánná ta á, ó dún kọ̀. Ó gbé e sílẹ̀ láìsọ̀rọ̀. Ó ta ìkejì, òun náà dún bákan náà. Ìkẹta, tí ó ti dógùn-ún, tí a tilẹ̀ tijú láti mú jáde, ni ó dún gbọ̀ọ̀n bí agogo. «Ẹ̀yin ọ̀gá,» ni ó wí, «ẹ má wo dídán rẹ̀. Ẹ gbọ́ ohùn rẹ̀.» Ó tẹ̀ ẹ́ díẹ̀ mọ́ orúnkún, ó nà padà gbọnrangandan. Ó ní irin rírọ̀ a máa wọ́ síbi tí a tẹ̀ ẹ́ sí, irin tí iná pa jù a sì máa ṣẹ́, èérún rẹ̀ a sì lè fò mọ́ni lójú. Àdá tirẹ̀, irin sípíríǹgì abẹ́ ọkọ̀ akẹ́rù ni ó fi ń rọ ọ́. Ó fi ibi tí ìṣó mẹ́ta ti wọ inú èkù hàn wá, ó ní kí a máa mi èkù náà kí a tó sanwó, nítorí ojú àdá tí ó bọ́ kúrò nínú èkù nígbà tí apá ti ju sókè, Ọlọ́run nìkan ni ó mọ ibi tí yóò balẹ̀ sí.

Àdá ilé-iṣẹ́ náà wà tí ó dára. Àwọn bàbá wa mọ èyí tí ó ní àwòrán ọ̀nì lára, ti Martindale, ilé-iṣẹ́ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Birmingham ní ọdún 1874. Ṣùgbọ́n àdá ilé-iṣẹ́ sábà máa ń dé láìpọ́n dáadáa, ẹni tí ó bá gbé e lọ sóko bẹ́ẹ̀ yóò fi agbára gé ohun tí ó yẹ kí ó fi ẹnu àdá gé. Ibẹ̀ ni àṣìṣe ti ń wá. Àdá tí ó kú a máa yọ̀ lórí igi, ó sì ń wá ojúgun kiri. Fáìlì kan nínú àpò wa wúlò ju ọ̀bẹ kejì lọ.

Àdá kan tó fún odindi ẹgbẹ́, ọwọ́ àgbà ni ó sì gbọ́dọ̀ wà. Gígùn sẹ̀ńtímítà 40 tó fún igbó wa. Èyí tí ó gùn jù bẹ́ẹ̀ lọ, koríko oko ni a ń fi í ṣán. Àáké? Ẹ fi sílé. Ayùn kékeré tí ó ń ká yóò gé igi ìdáná láìsí ariwo, kò sì sí ẹni tí yóò dúró sẹ́yìn rẹ̀ tí yóò fara pa. Nínú igbó tí ìjọba ń dáàbò bò, àti nínú igbó àwọn òrìṣà tí ó ṣẹ́ kù ní àyíká wa, a kì í gé nǹkan kan rárá, inú ọkọ̀ sì ni àdá yóò wà títí a ó fi padà. Ó ti pẹ́ kí a tó mọ̀ pé ìrìn-àjò kan wà tí ohun ìgé tí ó yẹ fún un kò ju ọ̀bẹ kan ṣoṣo lọ.

Àkọsílẹ̀ wa ti yí padà. Níbi tí «ọ̀bẹ» nìkan wà, ìlà mẹ́rin ni ó wà níbẹ̀ báyìí, a sì ka wọ́n sétí ìyá ọmọ náà kí a tó tẹ̀ wọ́n. Ó ní kí a fi kún un pé kí ẹni tí ń gé nǹkan jókòó, kí ẹnikẹ́ni má sì sí ní ibi tí apá rẹ̀ lè nà dé. A fi kún un.

Ní ẹ̀ẹ̀rùn tí ó kọjá yìí, ọmọ náà bá wa lọ. Òun fúnra rẹ̀ ni ó dúró lẹ́nu ọ̀nà ọkọ̀ ní òwúrọ̀, tí ó ń gba ọ̀bẹ lọ́wọ́ àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó ń ṣí i, ó ń yí òrùka rẹ̀, ó ń fi ẹ̀yìn rẹ̀ ti ara igi ìjókòó wò bóyá yóò ká. Canif méjì kò yege, ó kó wọn sínú àpò, ó sì kọ orúkọ olówó wọn sórí ìwé kí wọ́n lè gbà á padà. Ọ̀kan nínú wọn jẹ́ ti olùkọ́ ìṣirò.