Ayàwòrán tí ó Mú Kí Òkúta Ọba Maya Fọhùn

Ìran tí kò bá lè dárúkọ àwọn ọba rẹ̀ dà bí ọmọ tí kò mọ ojú oórì baba rẹ̀. Irú àdánù bẹ́ẹ̀ ni ó bá àwọn ènìyàn Maya, tí ilé wọn wà ní Guatemala, Mẹ́síkò, Belize àti Honduras. Láàárín nǹkan bí ọdún 250 sí 900 lẹ́yìn ìbí Jésù, àwọn ọba wọn kọ́ tẹ́ḿpìlì gíga, wọ́n sì gbé òkúta ńláńlá tí a gbẹ́ ère àti àkọsílẹ̀ sí lára kalẹ̀ síwájú wọn. Ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn ará Sípéènì gba ilẹ̀ náà, àlùfáà kan tí ń jẹ́ Diego de Landa dáná sun ìwé wọn ní ìlú Maní ní ọdún 1562. Díẹ̀díẹ̀ ni àwọn tí ó lè ka àkọsílẹ̀ náà kú tán. Òkúta nìkan ni ó kù tí ó mọ ìtàn, òkúta kò sì lẹ́nu.

Nígbà tí àwọn ọ̀mọ̀wé òyìnbó bẹ̀rẹ̀ sí í yẹ òkúta wọ̀nyí wò, wọ́n rí i pé àwọn kan nínú àmì náà jẹ́ ònkà ọjọ́ àti ọdún. Èyí tí ó kù kò yé wọn. Títí di nǹkan bí ọdún 1950, àwọn àgbà nínú ìmọ̀ náà, bíi Sylvanus Morley àti Eric Thompson, gbà pé ọ̀rọ̀ ìràwọ̀, àkókò àti òrìṣà ni ó wà níbẹ̀. Báyìí ni a ṣe sọ odidi ìran kan di ìran tí ó mọ ọjọ́ kà, ṣùgbọ́n tí kò ní ìtàn. Ẹni tí yóò tú ìdí ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ọ̀jọ̀gbọ́n. Ayàwòrán ni, obìnrin sì ni. Tatiana Proskouriakoff ni orúkọ rẹ̀.

Ìlú Tomsk ní ilẹ̀ Rọ́ṣíà ni a ti bí i ní ọdún 1909. Nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní ni ìjọba rán baba rẹ̀ lọ sí Amẹ́ríkà láti bójú tó ohun ìjà tí wọ́n ń rà níbẹ̀. Ìjọba Rọ́ṣíà dojú dé ní ọdún 1917, ìdílé náà kò sì padà sílé mọ́. Tatiana kọ́ ẹ̀kọ́ nípa yíya àwòrán ilé, ó sì gboyè ní ọdún 1930. Àsìkò tí ọrọ̀ ajé dẹnu kọlẹ̀ ni; kò sí iṣẹ́ fún un. Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí a kò bá rí àdán, a ó fi òòbẹ̀ ṣẹbọ. Ó lọ ń ya àwòrán fún ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ti Yunifásítì Pennsylvania. Ibẹ̀ ni Linton Satterthwaite, awalẹ̀pìtàn, ti rí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀, tí ó sì mú un lọ sí Piedras Negras, ìlú àtijọ́ kan létí odò Usumacinta ní Guatemala, ní ọdún 1936.

Iṣẹ́ ayàwòrán láàárín àwọn awalẹ̀pìtàn kì í ṣe eré. Kì í ṣe ohun tí ó wù ú ni yóò yà, bí kò ṣe ohun tí ilẹ̀ bá jẹ́rìí sí. Igi ti hù bo ààfin, òrùlé sì ti wó. Tatiana a wọn ìpìlẹ̀, a wọn ògiri tí ó kù, a yẹ òkúta tí ó ṣubú wò, lẹ́yìn náà ni yóò wá ṣírò bí ilé náà ti ga tó nígbà ayé rẹ̀. Àwòrán tí ó yà nípa ààfin Piedras Negras wú Morley lórí tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi wá owó tí a fi rán an lọ sí Copán àti Yucatán. Ní ọdún 1946 ni ìwé àwòrán rẹ̀ lórí ilé àwọn Maya jáde. Ní ọdún 1950, òmíràn jáde lórí ère òkúta wọn.

Ojú tí ó ti mọ́ra láti máa wo ohun kínníkínní yìí ni ó rí ohun tí àwọn ọ̀mọ̀wé kò rí. Ó ṣàkíyèsí pé ọ̀wọ́ọ̀wọ́ ni a to òkúta Piedras Negras síwájú ilé. Òkúta tí ó ṣáájú ọ̀wọ́ máa ń fi ẹnìkan hàn tí ó jókòó sínú ihò kan lókè, tí àkàbà tí ipa ẹsẹ̀ wà lára rẹ̀ gòkè lọ bá a. Àwọn kan ti rò pé ìrúbọ ni èyí. Tatiana wo ọjọ́ tí a kọ sí i. Ọjọ́ kan wà tí àmì rẹ̀ dà bí orí tí a fi ọ̀já dì, bí ti ẹni tí eyín ń dùn. Àwọn òkúta tí ó tẹ̀ lé e a sì máa ṣe ìrántí ọjọ́ yìí. Ọjọ́ mìíràn wà tí ó ti ṣáájú rẹ̀ ní ọ̀pọ̀ ọdún, àmì tirẹ̀ dà bí orí ọ̀pọ̀lọ́ tí ó gbójú sókè. Kò sí ọ̀wọ́ kan tí ọdún rẹ̀ ju ọjọ́ ayé ẹnìkan lọ. Kí ni èyí lè jẹ́, bí kò ṣe ọjọ́ ìgorí-ìtẹ́ àti ọjọ́ ìbí? Ọ̀wọ́ kọ̀ọ̀kan, ọba kan ni. Bí ọba kan bá wàjà tí òmíràn sì jẹ, a bẹ̀rẹ̀ ọ̀wọ́ tuntun. Ọba méje ni ó tò tẹ̀ léra wọn báyìí láàárín nǹkan bí 200 ọdún, ó sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní ọdún 1960.

Kí ó tó tẹ̀ ẹ́ jáde, ó fi iṣẹ́ náà han Thompson. Ohun tí ọkùnrin náà ti ń kọ́ni láti ọjọ́ pípẹ́ ni ọ̀rọ̀ yìí fẹ́ bì wó. Ó kọ́kọ́ kọ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó kà á tán, ó gbà pé òótọ́ ni obìnrin náà sọ. Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, ni a fi dá Ilé-Ifẹ̀. Ní ọdún 1961, Tatiana tún fi hàn pé ọ̀pọ̀ ère aláṣọ gígùn tí a ń pè ní àlùfáà ọkùnrin, obìnrin ni wọ́n: ìyá ọba àti aya ọba.

Lónìí, a ti lè pe ọ̀pọ̀ àmì náà ní ohùn, ní ọ̀nà tí Yuri Knorozov, ọmọ Rọ́ṣíà bíi tirẹ̀, là sílẹ̀ ní ọdún 1952. Àwọn ọmọ Maya fúnra wọn sì ń kọ́ bí a ṣe ń ka àkọsílẹ̀ àwọn baba ńlá wọn.

Ọdún 1985 ni Tatiana kú. Ní ọdún 1998, wọ́n gbé eérú òkú rẹ̀ lọ sí Piedras Negras, wọ́n sì sin ín sí orí ààfin tí ó ti yà nígbà èwe rẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá ń fojú tín-ínrín iṣẹ́ ọwọ́ yẹ kí ó ronú sí èyí: pẹ́ńsù, okùn ìwọnlẹ̀ àti sùúrù ni ó kó lọ sínú igbó, ìtàn ọba méje ni ó gbé jáde.